Ta Ni Yóò Kọjá Pàtírọ̀n?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń dùn mí, kí ẹ má baà rò pé inú burúkú ni wọ́n fi bí mi. Bantè, ìlú wa yìí, kún fún ọ̀dọ́kùnrin tó ń gun alùpùpù bí ẹni tí wọ́n bí sórí rẹ̀. Wọ́n ní ká mú méjì péré nínú wọn, méjì, a ò rí ẹyọ kan mú. Kì í ṣe pé wọn ò mọ̀ ọ́n gùn. Ọmọlúàbí ni wọ́n, òun ni wàhálà wọn. Ìwà ọmọlúàbí wọn yẹn ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọkọ mi.

Ọmọ Ṣakí ni bàbá mi. Epo bẹntiróòlù ló gbé e wá sí Bantè nígbà tí kò tíì gbéyàwó, kò sì padà sílé mọ́. Èmi ni mo jogún ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lẹ́bàá títì Savalou. Mò ń ta epo, mò ń ta táyà, ṣéènì, púlọ́ọ̀gì àti gbogbo wẹ́wẹ́ tí alùpùpù ń béèrè. Ọkọ mi ní tirẹ̀, ọmọ ìlú ni, Ìṣà pọ́ńbélé, ẹ̀yà tó ni Bantè, mẹkáníìkì alùpùpù sì ni. Abẹ́ igi dóńgóyárò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi ló ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn ọlọ́kadà tiwa, zémì là ń pè wọ́n níbí, láti Bobè títí dé Pira, ọwọ́ ọkọ mi ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń tú ẹ́ńjìnnì, ọwọ́ rẹ̀ náà ni wọ́n ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń gùn ún. Bí ọmọ iṣẹ́ bá parí, á kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ọkọ mi á da pọ́dà funfun lé e lórí, á súre fún un, a ó jẹ, a ó mu. Òmìnira nìyẹn. Láti ọjọ́ náà ọmọ ọ̀hún ti di ọ̀gá ara rẹ̀, ṣùgbọ́n "Pàtírọ̀n" ni yóò máa pe ọkọ mi títí ayé, nítorí bí ọmọ iṣẹ́ ṣe ń pe ọ̀gá nílẹ̀ yìí nìyẹn.

Àṣà kan sì wà tí gbogbo wọn mọ̀. Ẹni tó bá gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá kì í kọjá ọ̀gá lójú títì. Bó o bá bá a níwájú, wàá rọra tẹ̀lé e, wàá fọn fèrè lẹ́ẹ̀kan láti kí i, wàá sì máa tẹ̀lé e bẹ́ẹ̀ títí yóò fi ju ọwọ́ sí ọ pé kí o máa lọ. Bó o bá ń kọjá, wàá tẹrí ba. Bó o bá kọjá láìjẹ́ pé ó juwọ́, wọ́n á ní o ti bọwọ́ sínú àwo ṣáájú bàbá rẹ. Láàárín àwọn náà, ẹni tó kọ́kọ́ gba òmìnira ni ẹ̀gbọ́n, àbúrò kì í kọjá ẹ̀gbọ́n bẹ́ẹ̀. Mo ti máa ń rí i látìgbà tí mo ti lọ́kọ, ó sì máa ń wù mí. Mi ò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí yóò mú mi sunkún.

Ọkùnrin kan tó ń ta alùpùpù tuntun ní Savalou ló mú ọ̀rọ̀ ìdíje wá. Máhì ni, ṣùgbọ́n ó gbọ́ Yorùbá ọjà dáadáa. Ó ní òun fẹ́ dá ẹgbẹ́ tuntun sílẹ̀, ẹgbẹ́ tí yóò máa fi alùpùpù sáré ìdíje lórí pápá kan tí wọ́n ro sẹ́yìn ìlú Savalou, àkọ́kọ́ rẹ̀ yóò sì wáyé lásìkò ọdún iṣu tuntun. Òun ti rí àwọn tí yóò gùn ún láti Savalou. Ó ní kí Bantè náà mú méjì wá, alùpùpù wọn wà nílẹ̀. Ó fi yíyàn náà lé èmi àti tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì lọ́wọ́. Ó ní tíṣà lè ka àkókò, èmi sì mọ gbogbo àwọn ọmọ náà tinú tẹ̀yìn.

Inú mi dùn ju bó ṣe yẹ lọ. Kí ó tó sọ̀rọ̀ tán ni mo ti mú méjì lọ́kàn mi. Ọ̀kan jẹ́ ọmọ Bobè tó máa ń kó iṣu ìyá ìyàwó rẹ̀ wá sọ́jà. Á di iṣu sẹ́yìn títí á fi ga ju orí rẹ̀ lọ, á sì gba ọ̀nà olókùúta sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè bí ẹni tí kò gbé nǹkan kan. Èkejì jẹ́ ọmọ Pira, ẹlẹ́rìn-ín èébú, ó ń gbé èrò láàárín Pira àti Bantè. Bó bá rí kòtò, kì í dín iná kù, ìdí rẹ̀ nìkan ló máa ń yí, alùpùpù á sì gbọ́ràn sí i lẹ́nu.

Mo délé, mo ròyìn fún ọkọ mi. Ó fi àkísà nu ọwọ́, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ó ku ẹnì kan nìyẹn."

"Ẹnì kan báwo?"

"Ṣebí méjì ni wọ́n ń wá? Èmi ni àkọ́kọ́."

Orí mi ò!

Ẹ ò mọ ohun tí mo mọ̀. Ojú òsì ọkọ mi ti ń ṣú. Kò sọ fún mi o, èmi ni mo ń ṣọ́ ọ. Bó bá ń da tíì sí kọ́ọ̀bù, ẹ̀gbẹ́ kọ́ọ̀bù ló ń dà á sí. Bí sípánà bá wà lápá òsì rẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ ló fi ń wá a lórí ilẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ilé tí ó ti ń gbà wọlé láti ọjọ́ tó ti kọ́ ọ, ó ti ń fi èjìká òsì gbá a. Ó wá ń yí gbogbo orí bí adìẹ tó gbọ́ ìró àwòdì. Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ rí dókítà ojú ní Savalou." Ó ní eruku ni. Eruku! Eruku wo ló ń wọ ojú èèyàn lásìkò ọyẹ́ tí kò jáde títí òjò fi dé? Bí mo bá wí bẹ́ẹ̀, á dìde, á lọ jókòó ti ẹ́ńjìnnì tí kò bàjẹ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í tú u.

Nígboro Bantè, ìyẹn kì í hàn. Ó ń rọra gùn, wọ́n á ní àgbà ló ń gùn ún. Ṣùgbọ́n pápá ìdíje kọ́ nìyẹn. Àwọn ọmọ Savalou tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń hó, wọ́n á ti apá òsì yọ sí i, kò ní rí wọn, á yà lù wọ́n. Ikú ni mò ń wò yẹn, kì í ṣe eré.

Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tí mi ò kúkú sọ ọ́ síta. Mẹkáníìkì tí wọ́n bá ní ojú ń dùn ún, ta ni yóò gbé ẹ́ńjìnnì fún un? Ọkọ mi sì ni. Àṣírí ọkọ ẹni kì í ṣe ọjà tí a ń pàtẹ. Mo ní ká jẹ́ kí eré fúnra rẹ̀ sọ ọ́. A ó sáré dán gbogbo wọn wò, àwọn ọmọ yẹn á fi í sílẹ̀ sẹ́yìn, òun náà á rí i pé ìgbà ti yí, á fi ọ̀wọ̀ ara rẹ̀ yọwọ́, ẹnu mi ò sì ní sí níbẹ̀. Ọgbọ́n ni mo pè é.

Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, ni a kọ́kọ́ dán an wò lójú ọ̀nà Pira. Gbogbo wọn gbéra pọ̀ látòkèèrè, èmi àti tíṣà dúró síbi tí wọn yóò parí rẹ̀ sí, tíṣà di fóònù rẹ̀ mú bí ẹni di ẹyin mú. A rí eruku. Lẹ́yìn náà a rí ọkọ mi níwájú, ó jókòó gbọnin. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ pátápátá, ọkùnrin tí irun rẹ̀ ti ń funfun. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹni tó gba òmìnira tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹni tó tẹ̀ lé ìyẹn. Ẹ gbà mí! Bí wọ́n ṣe gba òmìnira tẹ̀ léra wọn ni wọ́n ṣe tò wálé. Ọmọ Bobè wà lẹ́yìn pátápátá pẹ̀lú ọmọ Pira, ẹ́ńjìnnì ọmọ Bobè ń ké bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́lẹ̀, ó sì ń fi kílọ́ọ̀ṣì pa á lẹ́nu mọ́ kó má baà ṣáájú àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Tíṣà pàtẹ́wọ́. Ó sọ Faransé díẹ̀, ó wá ní, "Ìyáàfin, ẹ wo ẹ̀kọ́! Ẹ wo bí wọ́n ṣe tò!" Ẹni tí a ní kó fẹ́ ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Ó ní lójú tòun, ọkọ mi àti ọkùnrin onírun funfun náà ló mókè, kí a fi orúkọ wọn ránṣẹ́.

Mo ní kò sóhun tó jọ ọ́. Mo yíjú sí àwọn ọmọ náà, mo ya ẹnu bò wọ́n. "Ṣé eré lẹ sá yìí, àbí ẹ̀ ń sin òkú? Ta ló ní kẹ́ ẹ máa tò bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi?"

Wọ́n dọ̀bálẹ̀. Lóòótọ́, nínú eruku yẹn. "Ẹ má bínú, Màmá." Ọkọ mi ń fa akoto kúrò lórí, ó ń wò mí, inú rẹ̀ dùn débi pé mi ò lè wò ó pẹ́. Ó ní, "Ṣé o rí i? Wọn ò tíì tó mi."

Mo pa ọgbọ́n dà. Mo ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan máa dá sáré tirẹ̀, kí tíṣà máa ka àkókò. Mo bi wọ́n pé bí Pàtírọ̀n ò bá sí níwájú yín lójú títì, ta lẹ fẹ́ máa tẹ̀lé? Ọkọ mi kọ́kọ́ sá tirẹ̀, kò yá, ṣùgbọ́n kò burú. Ó wá kan àwọn tó kù. Èyí àkọ́kọ́ dúró kí àna rẹ̀ lọ́nà, ó ní òun ò lè rí àna òun kí òun má dọ̀bálẹ̀. Ìkejì ní ṣéènì òun já. Èmi ni mo ta ṣéènì yẹn fún un, ṣéènì tuntun gbáko, ló já! Ẹlòmíràn ní ewúrẹ́ dí òun lọ́nà. Nígbà tó kan ọmọ Bobè, a retí rẹ̀ títí, ọkàn mi sọ pé bóyá ó ti ṣubú. Mo gun alùpùpù mi lọ wá a. Mo bá a lábẹ́ igi máńgòrò, ó gbé akoto lé orí alùpùpù, ó ń bó ọsàn.

"Kí lò ń ṣe níbí?"

Ó gbé ọsàn pamọ́ sẹ́yìn. "Màmá, mò ń jẹ́ kí Pàtírọ̀n ṣáájú ni."

"Pàtírọ̀n ti délé! Ó ti ń jẹun!"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Àkókò rẹ̀ ni mò ń jẹ́ kó ṣáájú."

Kàkà kó sàn lára ìyá àjẹ́, ó tún fi gbogbo ọmọ bí obìnrin. Mo jókòó sílẹ̀ lábẹ́ igi náà. Mi ò mọ̀ bóyá kí n gbá a létí ni, àbí kí n gbá a mọ́ra. Ó fún mi ní ìdajì ọsàn, mo sì jẹ ẹ́ pẹ̀lú ìbínú.

Lọ́jọ́ kejì mo pe gbogbo wọn sí ṣọ́ọ̀bù. Mo wí, mo tún un wí. Mo ní ará Savalou ń bọ̀ wá fi wá rẹ́rìn-ín, mo ní alùpùpù tuntun wà níbẹ̀ tó ń dúró dè wọ́n, mo ní ṣé wọn ò fẹ́ ni. Wọ́n fẹ́. Ojú ọmọ Pira ń dán bó ṣe ń gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ọkùnrin onírun funfun ló fọhùn fún gbogbo wọn, ó ní, "Màmá, ọwọ́ Pàtírọ̀n ló da pọ́dà lé wa lórí. Bó bá ju ọwọ́ yẹn kan náà sí wa, a ó kọjá, eruku wa lẹ ó máa rí. Bí kò bá juwọ́, ẹ má bínú." Ọ̀rọ̀ tó tọ́ ló sọ, òun ló ń múnú bí mi.

Ló bá kù sọ́wọ́ ọkọ mi. Mo se iṣu, mo fi ẹja sí ọbẹ̀, mo dúró dìgbà tó jẹun dé ìdajì.

Mo ní, "Bàbá àwọn ọmọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ juwọ́ sí wọn."

"Ìgbà tí wọ́n bá yára tó, màá juwọ́."

"Báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ yára tó nígbà tí ẹ wà níwájú wọn?"

"Ohun tí mò ń sọ gan-an nìyẹn," ló wí. "Èmi ni mo wà níwájú."

Háà! Ẹ wo ọ̀rọ̀ tó ń yí po bí ajá tó ń lé ìrù ara rẹ̀. Sùúrù mi tán níbẹ̀. Mo ní, "Ojú yín ńkọ́? Ẹ ò ríran lápá òsì, ẹ sì fẹ́ lọ máa sáré pẹ̀lú ọmọ ọlọ́mọ. Ṣé ẹ fẹ́ sọ mí di opó ni?"

Ó fi òkèlè sílẹ̀. Kò pariwo, ì bá sàn kó pariwo. Ó ní, "Ta ló sọ pé mi ò ríran? Ta lo ti wí i fún?" Mo ní mi ò wí i fún ẹnikẹ́ni. Ó ní, "Ó dáa." Ó fọwọ́, ó jáde. Láti ọjọ́ yẹn, ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló ti ń jẹun. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní kí ni mo fi ṣe ọbẹ̀ tí àbúrò òun fi ń sá. Mo ní ata pọ̀ nínú rẹ̀.

Ọkùnrin Savalou tó ń ta alùpùpù tún pè. Ó ní oṣù ń parí lọ, bí Bantè ò bá ní èèyàn, òun á mú méjì mìíràn ní Savalou. Mo ṣàlàyé, mo kó ọ̀rọ̀ sí i létí títí ìpè fi fẹ́ já. Ó ní, "Ẹ mú Pàtírọ̀n wá nígbà náà. Ọ̀gá gbogbo wọn! Ó bójú mu." Mo pa fóònù, mo sì fi ìgò epo tó ṣófo gbá ilẹ̀. Ó fọ́, èmi náà ni mo gbá a kúrò.

Ibi tí mo ti ń gbá ìgò yẹn ni ọ̀rọ̀ kan ti sọ sí mi lọ́kàn. Èmi náà, ọkọ mi ló kọ́ mi ní gígùn. Ọmọge ni mí nígbà náà. Bàbá mi ní kí n gbé alùpùpù rẹ̀ lọ fún mẹkáníìkì, mẹkáníìkì ní ṣé mo mọ̀ ọ́n gùn, mo ní rárá. Ó kọ́ mi títí mo fi mọ̀ ọ́n, nígbà tí mo sì mọ̀ ọ́n tán, àwọn èèyàn rẹ̀ ló kó wá bá bàbá mi. Kò da pọ́dà kankan lé mi lórí. Nínú gbogbo ẹni tó kọ́ ní Bantè, èmi nìkan ni mi ò gba òmìnira. Àṣà àwọn tó gba òmìnira ò wá mú mi rárá.

Mo kéde pé a ó tún un sá lẹ́ẹ̀kan sí i, àjọsá, láti orí òkè tó wà lọ́nà Bobè dé iwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Mo ní èmi náà ń bẹ nínú rẹ̀. Ẹ̀rín pa wọ́n. Ọkọ mi gan-an rẹ́rìn-ín, ìyẹn sì ni ohùn rẹ̀ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ láti ọjọ́ iṣu yẹn. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kó wá. Ẹ sáà fún un láyè kó má ṣubú." Mo wọ ṣòkòtò sábẹ́ ìró, mo dé akoto, mo gun alùpùpù àtijọ́ tí mo fi ń gbé epo kiri, èyí tí ara rẹ̀ ń rùn bẹntiróòlù títí ayé.

Ọkọ mi ló ṣáájú, bó ṣe yẹ. Àwọn ọmọ tò tẹ̀ lé e, bó ṣe yẹ. Èmi ni ìkẹyìn. Mo bá ọmọ Bobè, mo kọjá rẹ̀, ó tẹrí ba fún mi. Mo kọjá ọmọ Pira, ó ń pariwo, "Màmá ò! Màmá ò!" Mo kọjá gbogbo wọn, ẹnì kọ̀ọ̀kan ń tẹrí ba, títí dé orí onírun funfun, ó sì la ẹnu sílẹ̀. Ó wá ku ẹ̀yìn ọkọ mi níwájú mi. Ẹ̀yìn tí mo mọ̀ ni, mo ti fi igbá àyà mi tì í lọ sí ọjà, lọ sí ìsìnkú, lọ sí ilé ìbí àwọn ọmọ wa. Mo ní bí iná ò bá tán lórí, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Mo yà sí òsì, mo fún un ní iná.

Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ́ díẹ̀. Mo wo ojú rẹ̀. Mo ń retí kó yíjú, kó bú mi, kó fọn fèrè, kó fún alùpùpù rẹ̀ níná. Kò wò mí. Iwájú ló ń wò. Mo ní, ó mà ń fojú pa mí rẹ́ yìí, ọkùnrin yìí ò mà rí mi sí èèyàn. Inú bí mi gan-an. Mo kọjá, mi ò tẹrí ba.

Mo dé ṣọ́ọ̀bù, mo bọ́ akoto, mo lọ dúró síbi tábìlì ìgò epo. Tíṣà ń wò mí, ń wo fóònù, ń wò mí. Kí n tó mí kanlẹ̀, ọkọ mi dé, àwọn ọmọ sì dé tẹ̀ lé e.

Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tó jẹ oyè. Ó pa iná, ó sọ̀ kalẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ṣé ẹ rí i? Mo ní ẹ ò tíì tó mi." Ó wo ẹ̀yìn, ó wo ojú títì tí eruku ṣì ń bọ́ sílẹ̀. "Ìyá wọn ńkọ́? Ó ti já sílẹ̀ lọ́nà, àbí? Kí ẹnì kan padà lọ gbé e wá."

Ọmọ Pira tó máa ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo nǹkan, kò rẹ́rìn-ín. Apá òsì rẹ̀ gan-an ni mo dúró sí, mo lè nawọ́ kàn án.

Mo ní, "Mo wà níbí."

Ó yí gbogbo orí. Ó wò mí, ó wo akoto lọ́wọ́ mi, ó wo alùpùpù àtijọ́ tí mo ti gbé dúró. "Ìgbà wo lo dé?"

Tíṣà wo ilẹ̀. Àwọn ọmọ ń fọwọ́ pa táńkì epo wọn bí ẹni tó rí ìdọ̀tí níbẹ̀.

"Ibo lo gbà kọjá?"

"Apá òsì," mo ní.

Ó wá ní, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, "Mo gbọ́ ẹ́ńjìnnì kan. Mo rò pé ẹ̀yìn mi ló wà." Ó rìn lọ sábẹ́ igi dóńgóyárò, ó jókòó lórí táyà. Ohun tí mò ń wá láti ọjọ́ yìí wá, mo ti rí i, ó sì korò lẹ́nu mi. Mo lé gbogbo wọn lọ sílé. Mo gbé oúnjẹ fún un lábẹ́ igi náà, ó jẹ ẹ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ó wọ aṣọ tó dáa. Ó ní, "Gbé akoto rẹ. Dókítà ojú tó o sọ yẹn, apá ibo ní Savalou ló wà?" Mo ní mo mọ̀ ọ́n. Ó ní kí n pe àwọn ọmọ náà, kí wọ́n máa tẹ̀ lé wa, ẹni tó ń ta alùpùpù ń retí wa. Mo jókòó sẹ́yìn rẹ̀. A gbéra, wọ́n tò sẹ́yìn wa bí wọ́n ṣe máa ń tò, fèrè lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

A jáde ní Bantè, a dé ibi tí títì ti fẹ̀. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó sì jù ú.

Kò sẹ́ni tó kọjá. Wọ́n rò pé eṣinṣin ló ń lé! Ó tún jù ú. Síbẹ̀ wọn ò kọjá. Mo yíjú sẹ́yìn, gbogbo ohun tí mo ti ń gbé mì láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí ló jáde lẹ́nu mi, "Ṣé ẹ fọ́jú ni? Ó ń juwọ́! Ẹ kọjá!" Bí mo ṣe wí i tán ni mo gbọ́ ohun tí mo wí. Ọkọ mi ṣáà ń ju ọwọ́, ó ń jù ú.

Ọmọ Bobè ló kọ́kọ́ yọ. Kò dúró de ẹ̀gbọ́n kankan. Ó tẹrí ba títí igbá àyà rẹ̀ fi kan táńkì, ó sì lọ fìrìrì. Ọkọ mi ní, "Ọmọ Bobè nìyẹn. Kí ó wá bá mi, kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ti fẹ́ jẹ tán." Ìyókù ń tẹ̀ lé e, ó sì ń dá wọn mọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìró ẹ́ńjìnnì wọn. Ọmọ Pira ló kẹ́yìn. Ó pẹ́ lẹ́yìn wa, ó dà bíi pé kò fẹ́ lọ. Ìgbà tó wá kọjá, a ò rí i mọ́ kí n tó sẹ́jú.

"Àwọn méjì yẹn," ni ọkọ mi wí. "Èyí tó kọ́kọ́ lọ, àti èyí tó lọ gbẹ̀yìn."

"Àwọn náà ni."

"Ìwọ náà ti mú wọn?"

"Láti ọjọ́ àkọ́kọ́."

"O ò bá ti sọ."

"Mo sọ!" Mo pariwo sí i lẹ́yìn ọrùn. "Gbogbo ọjọ́ ayé ni mo fi ń sọ ọ́!" Ẹ̀yìn rẹ̀ mì, mo mọ̀ pé ẹ̀rín ni, mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀rín nìkan ni.

Títì ti ṣófo níwájú wa. Kò sẹ́nì kankan lẹ́yìn wa mọ́. Mo rí kòtò kan lápá òsì.

"Ẹ yà sí ọ̀tún díẹ̀," mo ní.

Ó yà.